Ìbọn Tó Fara Pamọ́: Ohun Tí Ìtàn Ọ̀tà Kọ́ Mi

Ọ̀tà ni orúkọ ìlú wa. Bí a bá yí àmì ohùn rẹ̀ padà, ó di ọta, èyí tí wọ́n ń kì sínú ìbọn. Bí a bá tún un yí, ó di ọ̀tá, ẹni tí a ń torí rẹ̀ ra ìbọn. Ìtàn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí, nítorí pé lọ́dún tó kọjá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé nínú pálọ̀ ilé wa.

Ilé iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìdìròkò ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá kan wọn láti ṣe iṣẹ́ ọ̀sán, aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń jáde. Ẹni tó bá mọ Ṣàngó Ọ̀tà mọ̀ pé lójú ọ̀sán, èèyàn kì í ráàyè gbẹ́sẹ̀ lábẹ́ afárá. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí kẹ̀kẹ́ Màrúwá bá ti ń wọ́n, ọ̀nà àdúgbò wa a máa dá páropáro. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n gba owó oṣù, àwọn ọmọkùnrin méjì dá bàbá mi dúró. Ọ̀kan nínú wọn fa ìbọn kékeré kan yọ láti abẹ́ ẹ̀wù. Wọ́n gba fóònù, wọ́n gba owó, wọ́n sì lọ. Wọn kò lù ú, wọn kò ṣe é léṣe. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ajá bá gbó lóru, bàbá mi á dìde jókòó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá kí i. Mo wà ní kíṣìnì, mo ń fọ àwo, mo sì ń gbọ́ wọn. Ọ̀rẹ́ náà ní, "Ṣebí ìwọ náà lè ní tìrẹ. Ó kéré, ọta márùn-ún péré ló ń gbà. Bó bá wà lábẹ́ ẹ̀wù rẹ, ìyàwó rẹ gan-an ò ní mọ̀." Mo retí kí bàbá mi sọ pé rárá. Kò sọ nǹkan kan. Dídákẹ́ tó dákẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Nígbà tí olùkọ́ wa ní kí a kọ ìtàn ohun kan tó wà nílé wa, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mú aṣọ òkè, àwọn mìíràn mú ọlọ ìyá àgbà wọn. Ìbọn tí kò tíì wọ ilé wa ni èmi mú.

Bí ìbọn ṣe dé ilẹ̀ wa

Ọfà, ọ̀kọ̀, idà àti àdá ni àwọn baba ńlá wa fi ń jagun tẹ́lẹ̀. Etí òkun ni ìbọn gbà wọlé. Àwọn oníṣòwò Òyìnbó ń kó o wá, wọ́n ń fi í gba ẹrú. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi í gba epo pupa. Àwọn ará Denmark wà lára àwọn oníṣòwò wọ̀nyí, ìdí nìyẹn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ìbọn gígùn náà ní Dane gun. Àwa ń pè é ní ṣakabùlà. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé àwọn Ìjẹ̀bú ló kọ́kọ́ gbé ìbọn wá sójú ogun, nígbà Ogun Òwu ní nǹkan bí ọdún 1820. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: àwọn ló sún mọ́ etí òkun jù.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ṣakabùlà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ó wúlò fún ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹnu ìbọn náà ni wọ́n ń da ẹ̀tù sí. Wọ́n á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, wọ́n á sọ ọta sí i, wọ́n á tún un kì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń dún kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀tù. Ó gùn débi pé èjìká ni ọdẹ ń gbé e kọ́. Ta ló fẹ́ fi ṣakabùlà pamọ́ sábẹ́ bùbá? Ọdẹ tó bá gbé e jáde, gbogbo àdúgbò rí i, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì mọ ilé bàbá rẹ̀. Bí ìbọn rẹ̀ bá dún, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa bi léèrè.

Ọdún tí ìbọn kan Ọ̀tà

Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó sí abẹ́ Olúmọ, lẹ́yìn tí ogun ti tú ìlú wọn ká. Ṣódẹkẹ́ ni olórí wọn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, ó sì yẹ kó bà wọ́n, nítorí pé ọ̀tá yí wọn ká. Wọ́n nílò ìbọn àti ẹ̀tù, bẹ́ẹ̀ ni Èkó àti Àgbádárìgì ni ọjà méjèèjì wà. Ilẹ̀ Àwórì ni ọ̀nà ibẹ̀ gbà kọjá, Ọ̀tà ló sì jókòó sójú ọ̀nà náà. Ní 1842, àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun Ọ̀tà. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n lọ dó ti Adó, tí wọn kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1853.

Òwò àti owó ibodè náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sẹ́. Síbẹ̀, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ọ̀tà kọ́ ló lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní ìlú wọn àtijọ́. Ọ̀tá tí wọ́n torí rẹ̀ ń wá ìbọn wà níbòmíràn. Ṣùgbọ́n Ọ̀tà ló jẹ gbèsè ẹ̀rù náà. Ìgbà tí mo ka ibí yìí ni mo kọ́kọ́ rò ó pé ìbọn tí a bá fi ẹ̀rù rà kì í mọ ẹni tó yẹ kó lọ bá.

N kò sọ pé ìbọn kò gba ẹnikẹ́ni là rí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851, ọmọ ogun Dahomey kọlu Abẹ́òkúta. Ìbọn wà lára ohun tí àwọn Ẹ̀gbá fi lé wọn padà. Ká ní wọn kò ní in, bóyá à bá máa sọ ìtàn mìíràn nípa ìlú náà lónìí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló jọ dúró sí orí odi lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé ìbọn síta, ọ̀tá rí wọn, àwọn náà rí ara wọn. Kò sí ẹnì kan tó ń dá tirẹ̀ fi pamọ́ sápò.

Nígbà tó di 1877, Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó dáwó jọ, wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń kì láti ìdí, wọ́n fi ránṣẹ́ sílé. Bí ìbọn ṣe ń dún lójú ogun náà ló fún un ní orúkọ tó ń jẹ́. Ìbàdàn náà wá bí wọn yóò ṣe ní irú rẹ̀. Bí ẹni yìí bá ra èyí tó yára, ẹni tọ̀hún á wá èyí tó yára jù ú lọ. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá. Ọdún 16 ni ogun náà gbà. Ọjọ́ orí mi gan-an nìyẹn.

Ní 1890, àwọn ìjọba Òyìnbó fẹnu kò ní ìlú Brussels pé kí ìbọn ìgbàlódé má ṣe wọ apá tó pọ̀ jù nínú Áfíríkà mọ́. Ìbọn bí ṣakabùlà ni wọ́n yọ sílẹ̀. Wọ́n ní kí òwò ẹrú lè dópin ni. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù Karùn-ún 1892, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn Maxim dé Ìmàgbọ̀n, wọ́n sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé àwọn tó ń ṣòfin ìbọn kì í ro tara wọn, n kò ní gbà. Ṣùgbọ́n òfin tí ẹni burúkú ṣe kò sọ ìbọn di ohun rere.

Ìbọn tí wọ́n ṣe kó lè fara pamọ́

Ìbọn tí ọ̀rẹ́ bàbá mi ń polówó kì í ṣe irú ti ogun wọ̀nyẹn. Ìbọn ìléwọ́ oníyípo ni, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní revolver. Samuel Colt, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí lọ́hùn-ún ní 1836. Ilé ọta rẹ̀ rí roboto, ó ní ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà. Bí ọta kan bá ti jáde, ilé náà á yí, òmíràn á bọ́ sípò. Ohun tí ṣakabùlà ń fi ìṣẹ́jú ṣe, ìka kan ń ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kúrú. Ní 1927, ilé iṣẹ́ Colt gbé ọ̀kan jáde tí wọ́n sọ lórúkọ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, Detective Special. Íǹṣì méjì ni ọ̀pá rẹ̀, ọta mẹ́fà ló ń gbà. Ní 1950, Smith & Wesson gbé Chiefs Special tiwọn jáde. Wọ́n dín ọta rẹ̀ kù sí márùn-ún kí ikùn ìbọn náà má baà yọ gọngọ lábẹ́ aṣọ.

Mo ka ohun tí àwọn tó ń yan irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lókè òkun ń gbé yẹ̀ wò, mo sì rí i pé ọ̀rẹ́ bàbá mi kò sọ ìdajì rẹ̀. Bí ìbọn bá ti kéré tó ni ó rọrùn láti fi pamọ́ tó, ṣùgbọ́n ọ̀pá kúkurú kò jẹ́ kó rọrùn láti fojú sun nǹkan. Bí ó bá fúyẹ́, kò ní dẹ apò, ṣùgbọ́n bí ó bá dún, yóò ta ọwọ́ ẹni tó dì í mú padà gan-an. Òòlù ẹ̀yìn rẹ̀ a máa kọ́ aṣọ nígbà tí a bá fẹ́ yọ ọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bo òòlù àwọn mìíràn mọ́ inú. Irú èyí kì í rọrùn láti fà, ó ń fẹ́ ìka tó lágbára. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò sọ pé ìbọn kékeré ló ṣòro jù láti yìn dáadáa, pé ẹni tó bá yàn án gbọ́dọ̀ máa lọ sí pápá ìdánrawò déédéé. Mo bi ara mi pé níbo ni bàbá mi yóò ti máa dánra wò ní Ṣàngó. Ṣé lẹ́yìn ilé wa ni, níbi tí ìyá mi gbin ẹ̀fọ́ sí?

Ohun tó yé mi ni pé gbogbo ohun tí wọ́n gé kúrò lára ìbọn náà kó lè fara pamọ́, ara ohun tó ń jẹ́ kó bá ẹni tí a fẹ́ bá ni. Ẹni tó jàǹfààní ìfarapamọ́ jù lọ ni ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ pé òun fẹ́ yìnbọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1865, ọkùnrin kan wọ ilé eré ní Washington pẹ̀lú ìbọn kékeré tó ń gba ọta kan ṣoṣo. Gbọ̀ngàn náà kún. Kò sẹ́ni tó rí ìbọn ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi dún lẹ́yìn orí Ààrẹ Abraham Lincoln. Ààrẹ náà kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ojú tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí kò dọ́gba. Ní 1903, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan nítorí ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ kò ju íǹṣì mẹ́sàn-án lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1996, ọkùnrin kan kó ìbọn ìléwọ́ tó ní ìwé àṣẹ wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Dunblane, ní Scotland. Ó pa ọmọ 16 àti olùkọ́ kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fòfin gba ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà: ní oṣù Kẹfà 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sọ pé ọmọ ìlú ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìbọn ìléwọ́ jáde nílé láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Yorùbá tó wà ní London àti èyí tó wà ní Houston, òfin méjì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn ni wọ́n ń gbé lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí òfin tiwa sọ

Òfin ìbọn tí a ń lò ní Nàìjíríà ti wà láti 1959, ọdún kan ṣáájú òmìnira. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà àti irú rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ lè fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ìbọn ọdẹ ìgbàlódé wà lọ́tọ̀, ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni ìwé àṣẹ tirẹ̀ wà. Ìbọn ìléwọ́, títí kan oníyípo, wà ní ìsọ̀rí kẹta, pẹ̀lú bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn àgbá. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fúnni ní àṣẹ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìgba àṣẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10. Òfin náà tún sọ pé a kò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí ní ìwé àṣẹ ṣakabùlà pàápàá.

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á pé ìbọn tó wọ inú àpò wà nínú ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú bọ́ǹbù. Ìgbà tí mo rántí Washington ni mo rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Bí bọ́ǹbù, kì í kìlọ̀ fún ẹni tó wà nítòsí.

Lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé, láti 1967 sí 1970, ìdigunjalè gbilẹ̀ gan-an. Ìjọba ológun ṣe òfin ní 1970 pé ikú ni èrè adigunjalè. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971, wọ́n yìnbọn pa Ìṣọ̀lá Oyènúsì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bar Beach l'Ékòó, lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ṣé ìdigunjalè wá dópin? Àwọn ọmọkùnrin tó dá bàbá mi dúró kò tíì dáyé nígbà náà. Ní oṣù Kẹfà 2006, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn ní Àbújá láti dẹ́kun ìbọn kéékèèké. Ní 2021, Nàìjíríà dá àjọ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ náà kò tíì parí.

Ìbéèrè bàbá mi

Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo ka ohun tí mo kọ sétí bàbá mi. Ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wá ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Gbogbo òfin tó o kà yìí, èwo nínú wọn ló wà lọ́nà lálẹ́ ọjọ́ yẹn?"

N kò rí èsì fọ̀. Títí di òní, n kò ní èsì tó dára sí i. Ohun tí mo lè sọ ni mo sọ. Mo ní, "Bàámi, ẹ má bínú sà. Ká ní ìbọn wà lábẹ́ ẹ̀wù yín lálẹ́ ọjọ́ náà ńkọ́? Tiwọn ti yọ kí ẹ tó fọwọ́ kan tiyín. Fóònù àti owó ni wọ́n gbé lọ. Ẹ̀yin wálé."

Kò dáhùn. Àbúrò mi ọmọ ọdún méje ló fọhùn, láti ibi tó ti ń ṣeré: "Bàámi, níbo lẹ máa fi pamọ́ sí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kò sí ibi tí ìyá mi ń fi mílíìkì pamọ́ sí tí ọmọ yẹn kì í rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu bàbá mi. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Mo rò pé òwe yẹn ló wá sí i lọ́kàn, nítorí pé ọmọ yẹn ló ń wò.

Bàbá mi kò ra ìbọn náà. Ó lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní apá ọ̀dọ̀ wa. Àwọn mọ́kànlá ni wọ́n, wọ́n jọ ń rìn wálé báyìí bí iṣẹ́ bá parí lálẹ́. Ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé àdúgbò wa náà dáwó, wọ́n gba ọdẹ méjì. Ṣakabùlà tó ní ìwé àṣẹ ló wà léjìká wọn, fèrè sì wà lọ́rùn wọn. Gbogbo wa mọ orúkọ wọn, a mọ ilé wọn, àwa ọmọdé sì máa ń kí wọn nírọ̀lẹ́.

N kò fẹ́ parọ́ pé ẹ̀rù ti tán. Bí ajá bá gbó lóru, bàbá mi ṣì máa ń dìde jókòó. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ó máa ń dúró gbọ́ fèrè ọdẹ. Bí fèrè náà bá ti dún níkòríta, á tún sùn.